Ẹ̀rọ Iná Inú Ẹ̀yìn: Agbẹ́jọ́ Ẹnìkan Dá Kò Yẹ Oníṣègùn

Ìrora kì í ṣe ohun tí a lè gbé kalẹ̀ láàrin ọjà kí gbogbo ayé máa wò ó. Bí ẹsẹ̀ ènìyàn bá kán, aládùúgbò yóò rí i. Bí ọgbẹ́ bá wà lójú rẹ̀, ọmọdé yóò bi í léèrè pé kí ló ṣe é. Ṣùgbọ́n ẹ̀yìn tó ti ń ro ènìyàn láti ọdún mẹ́jọ, tó ń ta bí ata láti ìbàdí dé àtẹ́lẹsẹ̀, tí kò jẹ́ kó jókòó pẹ́ níbi ìyàwó, tí kò jẹ́ kó kúnlẹ̀ gbàdúrà, tí kò jẹ́ kó sùn mọ́jú, ta ni yóò fi hàn tí yóò gbà? Ní oṣù kìn-ín-ní, gbogbo ilé ló ń bá a fi ìpara ra á. Nígbà tí yóò bá fi di ọdún kejì, ẹnu a ti bẹ̀rẹ̀ sí í kùn: àwọn kan a ní ọ̀lẹ ni, àwọn kan a ní ayé ló ń ṣe é, àwọn mìíràn a ní kò sí ohun tó ń ṣe é rárá. Ẹni tí wọ́n bá ti sọ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ sí, ibikíbi tí wọ́n bá ti ní ìtura wà ni yóò lọ, iyekíye tí wọ́n bá sì bù lé e ni yóò wá.

Àwọn oníṣègùn a máa ka ìrora sí bárakú bí ó bá ti kọjá oṣù mẹ́ta. Ní Amẹ́ríkà, àjọ CDC tó ń bójú tó ìlera ará ìlú ṣírò rẹ̀ pé ní ọdún 2021, àgbàlagbà tó lé ní mílíọ̀nù 51 ló wà nínú irú ìrora bẹ́ẹ̀. Bí a bá kó àgbàlagbà márùn-ún jọ níbẹ̀, ọ̀kan nínú wọn ń jẹ̀rora. Ibi tí òùngbẹ bá ti ń gbẹ ènìyàn tó báyìí, olómi kì í pẹ́ dé. Oògùn ìrora alágbára tí àwọn ilé-iṣẹ́ apoògùn kó dà sí ìgboro Amẹ́ríkà láti ìparí àwọn ọdún 1990 ni olómi àkọ́kọ́, gbogbo ayé ló sì rí òkú tó sùn lẹ́yìn rẹ̀. Nígbà tí ìjọba wá ń lé oògùn wọ̀nyẹn sẹ́yìn, àwọn tó ń ta ẹ̀rọ rí àyè. Wọ́n ní àwọn ní ohun tó ń pẹ̀tù sí ìrora tí kì í sọ ènìyàn di ẹrú oògùn.

Ẹ̀rọ náà kò tóbi. Kò fi bẹ́ẹ̀ ju páálí ìṣáná lọ. Iṣẹ́ abẹ ni wọ́n fi ń rì í sí abẹ́ awọ, ní òkè ìdí tàbí ní ẹ̀gbẹ́ ikùn. Wáyà tín-ín-rín kan tàbí méjì jáde láti ara rẹ̀, ó gba abẹ́ awọ lọ sí inú ihò egungun ọ̀pá ẹ̀yìn, ó sì sinmi sí ẹ̀bá okùn iṣan ńlá tí ọpọlọ fi ń bá ara sọ̀rọ̀. Bátìrì inú ẹ̀rọ náà ni yóò máa rán iná mànàmáná wẹ́wẹ́ gba ojú wáyà yìí. Aláìsàn ní rìmóòtù tó lè fi dín iná náà kù tàbí kó fi pa á. Èyí tí bátìrì rẹ̀ kò ṣe é ṣáàjì, ọdún díẹ̀ ni yóò lò kí wọ́n tó tún la ara láti pààrọ̀ rẹ̀. Èyí tó ṣe é ṣáàjì lè tó ọdún mẹ́wàá. Orúkọ tó bá iṣẹ́ rẹ̀ mu jù ní èdè Yorùbá ni ẹ̀rọ apẹ̀tù-ìrora, nítorí kì í wo àrùn sàn, kì í sì í tún egungun tò. Ọ̀rọ̀ tútù ló ń bá ìrora sọ.

Apẹja tó bá ti fi ọwọ́ kan òjìjí rí kò ní sọ pé àjèjì ni ọgbọ́n yìí. Ẹja yẹn a máa fi iná tó wà lára rẹ̀ gbọn apá ènìyàn títí apá yóò fi kú. Ní nǹkan bí 2000 ọdún sẹ́yìn, oníṣègùn ará Róòmù kan tó ń jẹ́ Scribonius Largus kọ ọ́ sílẹ̀ pé kí ẹni tí orí ń fọ́ gbé ààyè ẹja òkun kan, tó ní irú agbára òjìjí, lé ibi tó ń dùn ún, kí ẹni tí oríkèé ẹsẹ̀ ń ro sì dúró lé ẹja náà lórí títí ẹsẹ̀ yóò fi kú dé orúnkún. Ó jọ ẹ̀fẹ̀, ṣùgbọ́n ohun tí ọkùnrin náà rí kì í ṣe irọ́: iná lè dá ìrora dúró fún ìgbà díẹ̀. Bó ṣe ń dá a dúró ni kò yé ẹnikẹ́ni fún ọdún gbọọrọ.

Ọdún 1965 ni Ronald Melzack, ọmọ ilẹ̀ Kánádà, àti Patrick Wall, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tẹ àbá wọn jáde nínú ìwé ìròyìn Science. Wọ́n ní bodè kan wà nínú okùn iṣan ẹ̀yìn tí ìròyìn ìrora gbọ́dọ̀ gbà kó tó dé ọpọlọ. Iṣan tẹ́ẹ́rẹ́ ló ń gbé ìròyìn ìrora wá. Iṣan tó nípọn ló ń gbé ìròyìn ìfọwọ́kàn. Bí ìròyìn ìfọwọ́kàn bá pọ̀ ní bodè, oníbodè a ti ilẹ̀kùn mọ́ ti ìrora. Kò sí ìyá tí kò mọ èyí láìka ìwé: ọmọ tó bá fi ẹsẹ̀ gbá kùkùté, ìyá rẹ̀ a fi ọwọ́ ra ibẹ̀ fún un, ẹkún a sì rọlẹ̀. Àbá àwọn méjèèjì kò pé pérépéré, àwọn onímọ̀ tó tẹ̀lé wọn sì ti tún apá púpọ̀ nínú rẹ̀ ṣe, ṣùgbọ́n ó la ojú àwọn oníṣègùn. Bí ìfọwọ́kàn bá lè ti bodè, kí ló dé tí iná mànàmáná kò fi ní lè tì í?

Ọdún méjì péré lẹ́yìn náà, ní 1967, oníṣẹ́ abẹ ọpọlọ kan ní Cleveland ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà, C. Norman Shealy, dán an wò lára ọkùnrin ẹni 70 ọdún kan tí jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀fóró ń bá fínra. Nígbà tí wọ́n tan iná, ìrora ọkùnrin náà rọlẹ̀. Kò pẹ́ lẹ́yìn rẹ̀ tó fi kú. Orí aláìsàn kan ṣoṣo yìí ni gbogbo ilé náà ti bẹ̀rẹ̀. Nígbà náà, òfin Amẹ́ríkà kò tíì pàṣẹ pé kí irú ẹ̀rọ ìṣègùn bẹ́ẹ̀ fi ẹ̀rí hàn kó tó wọ ọjà. Ọdún 1976 ni òfin ọ̀hún dé. Ẹ̀rọ ti ń wọ ẹ̀yìn ènìyàn ṣáájú kí ẹ̀rí tó wọ ilé ìgbìmọ̀.

Kì í ṣe pé ẹ̀rọ náà kò ní ẹlẹ́rìí kankan. Ìwádìí kan tó lókìkí púpọ̀ ni èyí tó jáde ní 2007, tó gba aláìsàn 100 tí wọ́n ti ṣe iṣẹ́ abẹ ẹ̀yìn fún ṣùgbọ́n tí ẹsẹ̀ wọn ṣì ń ro wọ́n. Wọ́n pín wọn sí méjì: apá kan gba ẹ̀rọ pẹ̀lú ìtọ́jú tó ti wà tẹ́lẹ̀, apá kejì gba ìtọ́jú náà nìkan. Lẹ́yìn oṣù mẹ́fà, ìdá 48 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn tó gba ẹ̀rọ ló sọ pé ìrora ẹsẹ̀ àwọn dín kù dé ìdajì, ó kéré tán. Nínú àwọn yòókù, ìdá 9 péré ni. Ní oṣù kẹwàá ọdún 2008, àjọ NICE tó ń gba ilé ìwòsàn ìjọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì nímọ̀ràn fi ọwọ́ sí i fún ẹni tí ìrora iṣan ti ń bá jà fún oṣù mẹ́fà ó kéré tán, tí ìtọ́jú mìíràn kò ràn án lọ́wọ́, tí wọ́n sì ti dán ẹ̀rọ náà wò lára rẹ̀ tó ṣiṣẹ́. Ìwádìí mìíràn tún jáde ní 2021 lórí àwọn aláìsàn 216 tí ìtọ̀ ṣúgà ti ba iṣan ẹsẹ̀ wọn jẹ́. Níbẹ̀, ìdá 79 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn tó gba ẹ̀rọ ló rí ìtura tó dé ìdajì, nígbà tí ìdá 5 péré rí i nínú àwọn tí kò gbà á. Ní ọdún yẹn kan náà ni àjọ FDA ti Amẹ́ríkà fọwọ́ sí i fún irú àwọn aláìsàn bẹ́ẹ̀.

Ẹni tó bá gbọ́ èyí nìkan yóò ní kí wọ́n tètè wá ẹ̀rọ náà fún ìyá òun. Ṣùgbọ́n agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, òṣìkà ni Yorùbá ń pè é. Ilé-iṣẹ́ Medtronic, tó ń ṣe ẹ̀rọ náà tà, ló ná owó sí ìwádìí ti 2007. Ilé-iṣẹ́ Nevro, tí òun náà ń tà á, ló ná owó sí ti 2021. Èyí kò sọ iṣẹ́ wọn di irọ́. Oníṣòwò tó bá ná owó láti dán ọjà rẹ̀ wò ṣe ju ẹni tí kò dán an wò rárá lọ. Ibi tí ọ̀rọ̀ ti wọ́ ni pé nínú ìwádìí méjèèjì, aláìsàn kọ̀ọ̀kan mọ ohun tí wọ́n fún òun. Ẹni tó gba ẹ̀rọ mọ̀ pé òun gba ohun tuntun. Ẹni tí wọ́n ní kó padà sí ìtọ́jú tó ti ń gbà láìrí ìtura mọ̀ pé ọ̀nà àtijọ́ ni wọ́n dá òun padà sí. Nígbà tí wọ́n wá bi àwọn méjèèjì pé báwo lara, ìdáhùn wọn kò lè ṣàì yàtọ̀, ìbáà jẹ́ iná ló ṣiṣẹ́ tàbí òmíràn.

Oògùn tí a kò fi owó ṣe, ẹ̀yìn ààrò ní í gbé. Bí a bá yí òwe yẹn po, a ó rí ohun tí ń ṣẹlẹ̀ nídìí ẹ̀rọ apẹ̀tù-ìrora: èyí tí a fi owó ńlá ṣe, tí a fi ẹ̀jẹ̀ àti ọ̀bẹ kún un, kò sí ọkàn tó fẹ́ kó gbé ẹ̀yìn ààrò. Ẹni tí wọ́n ti la ẹ̀yìn rẹ̀, tí gbogbo ẹbí ti gbàdúrà lé lórí, tí dókítà onífìlà funfun ti fi ọwọ́ bà ní èjìká, yóò fẹ́ kó ṣiṣẹ́. Ìrora sì wà lábẹ́ àkóso ọpọlọ. Ìrètí lásán lè mú un fúyẹ́ ní tòótọ́, kì í ṣe ní àfẹnusọ. Kò sí ìwà òmùgọ̀ nínú èyí, bẹ́ẹ̀ ni aláìsàn kò purọ́. Ohun tó yẹ kí onímọ̀ bèèrè kọjá pé ṣé ara tù ú. Ó yẹ kó bèèrè bóyá iná ló tù ú ni, àbí ìrètí. Bí ó bá jẹ́ ìrètí ni, ọ̀nà tó dín ewu kù wà láti fún ènìyàn ní ìrètí, láìjẹ́ pé a ki wáyà bọ inú egungun ẹ̀yìn rẹ̀.

Kí ló wá dé tí wọn kò fi tètè dán an wò bó ti yẹ? Fún ọ̀pọ̀ ọdún, ìdí kan wà tó múná dóko. Ẹ̀rọ àtijọ́, tí iná rẹ̀ ń bù yẹ̀rì ní ìgbà 40 sí 60 láàrin ìṣẹ́jú àáyá kan, a máa ṣe aláìsàn bí ẹni pé èèrà ń rìn lára rẹ̀. Kò sí bí wọ́n ṣe lè pa á ní ìkọ̀kọ̀ tí kò ní mọ̀. Ṣùgbọ́n àwọn ẹ̀rọ tuntun dé, tí iná àwọn kan nínú wọn ń sáré tó ìgbà 10,000 láàrin ìṣẹ́jú àáyá kan, tí àwọn mìíràn ń rán iná ní ìdì ìdì. Àwọn wọ̀nyí kì í jẹ́ kí ara mọ nǹkan kan. Àǹfààní ńlá ni àwọn ilé-iṣẹ́ pè é nígbà tí wọ́n ń polówó rẹ̀. Ohun tí wọn kò fọnrere rẹ̀ ni pé láti ọjọ́ náà lọ, àwáwí ti tán: wọ́n lè tan ẹ̀rọ fún oṣù díẹ̀, kí wọ́n pa á fún oṣù díẹ̀, láìjẹ́ kí aláìsàn mọ èyí tó jẹ́ èwo.

Àwọn onímọ̀ kan ṣe é. Ní Switzerland, ìwádìí kan tó jáde ní 2013 fi ẹ̀rọ tí iná rẹ̀ ń sáré wé èyí tí wọ́n pa, lára aláìsàn 33. Wọn kò rí ìyàtọ̀. Ní Ìlú Ọba, ìwádìí kékeré kan lórí aláìsàn 24 jáde ní 2018: nínú ìwọ̀n iná mẹ́ta tí wọ́n dán wò, ọ̀kan ṣoṣo ló ta yọ. Èyí tó wá dá awuyewuye sílẹ̀ jù ni ti ilẹ̀ Norway, tó jáde ní oṣù kẹwàá ọdún 2022 nínú ìwé ìròyìn JAMA. Aláìsàn 50 ló kópa nínú rẹ̀, gbogbo wọn ti ṣe iṣẹ́ abẹ ẹ̀yìn rí, ẹsẹ̀ wọn kò sì yé ro wọ́n. Gbogbo wọn ló gba ẹ̀rọ. Fún ìgbà kan, wọ́n tàn án. Fún ìgbà mìíràn, wọ́n pa á. Aláìsàn kò mọ̀, ẹni tó ń bi í léèrè ọ̀rọ̀ kò mọ̀. Nígbà tí wọ́n ka èsì, bí ìrora ṣe ń dí wọn lọ́wọ́ iṣẹ́ òòjọ́ fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ọgbọọgba, iná ìbáà wà tàbí kó má sí. Ara tu ọ̀pọ̀ nínú wọn ju ti ìgbà tí wọ́n dé lọ, ṣùgbọ́n ẹ̀rọ tó ń sùn tù wọ́n nínú bí ẹ̀rọ tó jí. Mẹ́sàn-án nínú àwọn 50 yìí ló rí ìpalára kan tàbí òmíràn, mẹ́rin nínú wọn sì ní láti padà sórí ibùsùn iṣẹ́ abẹ.

Oṣù díẹ̀ lẹ́yìn náà, ní 2023, ẹgbẹ́ Cochrane, tí iṣẹ́ wọn jẹ́ láti kó gbogbo ìwádìí tó wà nílẹ̀ jọ kí wọ́n sì gbé e yẹ̀ wò, sọ tiwọn lórí ẹ̀yìn ríro. Ìwádìí 13 ni wọ́n rí, tó ní aláìsàn 699 nínú. Ìdájọ́ wọn ni pé ẹ̀rí tó wà kò tó láti máa fi ẹ̀rọ náà sí ara ènìyàn nítorí ẹ̀yìn ríro, àfi bí ó bá jẹ́ nínú ìwádìí. Ohun kan nínú ìwé wọn yẹ kó jẹ́ ìyàlẹ́nu fún ẹnikẹ́ni: kò sí ìwádìí kan ṣoṣo tó fi ẹ̀rọ títàn wé ẹ̀rọ pípa fún ọdún kan gbáko. Ohun tí wọ́n ń gbé sí ara ènìyàn fún ọdún mẹ́wàá, oṣù mẹ́fà ni ibi tí ìmọ̀ jìnnà dé.

Ó tọ́ kí a gbọ́ ti àwọn dókítà tó ń lo ẹ̀rọ náà pẹ̀lú, nítorí kì í ṣe gbogbo wọn ni owó ń wọ̀ lójú. Wọ́n ní ọ̀nà tí àwọn ará Norway gbà tún iná náà ṣe yàtọ̀ sí bí wọ́n ti máa ń ṣe é ní ilé ìwòsàn. Wọ́n ní aláìsàn 50 kò tó láti fi dá ẹjọ́ ẹgbẹẹgbẹ̀rún. Wọ́n ní Cochrane kó oríṣiríṣi ẹ̀rọ pọ̀ sínú àpò kan, bí ìgbà tí ènìyàn bá da gbẹ̀gìrì mọ́ ẹ̀fọ́ tó wá ní ọbẹ̀ kò dùn. Lékè gbogbo rẹ̀, wọ́n ní àwọn ti rí ẹni tí wọ́n gbé wọlé tó fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn jáde. Ẹ̀jọ́ yìí kì í ṣe ti yẹ̀yẹ́. Ó ṣeé ṣe kí ẹ̀rọ náà wúlò fún àwọn kan, pàápàá àwọn tí ìrora wọn wá láti ara iṣan tó bàjẹ́, tí kì í ṣe ẹ̀yìn ríro lásán. Ṣùgbọ́n bí aláìsàn 50 kò bá tó láti sọ pé ẹ̀rọ kò ṣiṣẹ́, báwo ni aláìsàn 100 tó mọ ohun tí wọ́n fún un ṣe tó láti sọ pé ó ń ṣiṣẹ́? Ẹrù ẹ̀rí kò sí lórí ẹni tó ń ṣiyèméjì. Orí ẹni tó mú ọ̀bẹ lọ́wọ́ ló wà.

Àwọn kan a máa gbára lé ìdánwò ọlọ́jọ́ díẹ̀. Kí wọ́n tó rì ẹ̀rọ sí ara pátápátá, wọn a kọ́kọ́ ki wáyà bọ ẹ̀yìn, wọn a fi ẹ̀rọ rẹ̀ sí ìta ara fún ọjọ́ mẹ́ta sí méje. Bí ìrora bá dín kù dé ìdajì, wọ́n á ní ó yege. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2020, àjọ FDA kọ lẹ́tà sí àwọn dókítà pé wọn kò gbọ́dọ̀ fo ìdánwò yìí. Ìmọ̀ràn tó dára ni, ṣùgbọ́n ọ̀sẹ̀ kan tí ìrètí gbóná jù ni ọ̀sẹ̀ tí wọ́n fi ń dánwò. Ní ọdún 2020 kan náà, àwọn onímọ̀ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tẹ èsì ìwádìí lórí aláìsàn 105 jáde: àwọn tó ṣe ìdánwò kí wọ́n tó gba ẹ̀rọ kò sàn ju àwọn tó gbà á tààrà lọ.

Lẹ́tà FDA yẹn ní ohun mìíràn nínú. Láti oṣù keje ọdún 2016 sí oṣù keje ọdún 2020, ìròyìn 107,728 ló dé ọ̀dọ̀ àjọ náà lórí ẹ̀rọ yìí. 77,937 jẹ́ ti ìpalára, 29,294 jẹ́ ti ẹ̀rọ tó ṣe ségesège, 497 sì mẹ́nu ba ikú. Ní ọdún méjì ṣáájú, àwọn akọ̀ròyìn láti orílẹ̀-èdè púpọ̀ ti tú àṣírí pé ẹ̀rọ yìí ló wà ní ipò kẹta nínú àwọn ẹ̀rọ inú ara tí ìròyìn ìpalára wọn pọ̀ jù ní Amẹ́ríkà. Ìròyìn kì í ṣe ìdájọ́, ènìyàn kan sì lè hàn nínú rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, nítorí náà kò yẹ kí ẹnikẹ́ni fi iye yìí dẹ́rù ba ará ìlú. Ṣùgbọ́n wáyà tó yẹ̀ kúrò ní àyè rẹ̀, kòkòrò àrùn tó wọ ojú ọgbẹ́, iná tó ṣàdédé gbọn ni, bátìrì tó ń gbóná lábẹ́ awọ: kì í ṣe ìtàn àlọ́ ni àwọn wọ̀nyí.

Èyí tó burú jù nínú gbogbo rẹ̀ kò sí nínú ìṣirò kankan. Ní Amẹ́ríkà, òṣìṣẹ́ ilé-iṣẹ́ tó ń ta ẹ̀rọ ló sábà máa ń jókòó ti aláìsàn láti tún iná náà ṣe. Dókítà a la ara, a sì rán an. Lẹ́yìn náà, bí ìrora bá padà dé, nọ́ńbà òṣìṣẹ́ ilé-iṣẹ́ ni aláìsàn ń pè. Òun ni yóò ní kí wọ́n gbé e sókè díẹ̀, òun ni yóò ní kí wọ́n dán ìwọ̀n mìíràn wò, kó tó oṣù mẹ́ta sí i. Ta wá ni yóò wo ojú aláìsàn náà kó sọ fún un pé ohun tó wà lẹ́yìn rẹ̀ kò wúlò fún un mọ́, kí wọ́n yọ ọ́? Iṣẹ́ yẹn kì í ṣe ti ẹni tí owó oṣù rẹ̀ ti ara títà wá. Bí ìjọba kankan kò bá lè ṣe ohun mìíràn, ó yẹ kó lè pa á láṣẹ pé ẹni tó ń tún ẹ̀rọ ṣe kò gbọdọ̀ jẹ́ ẹni tó ń tà á, kí orúkọ ẹnikẹ́ni tó bá gba ẹ̀rọ sì wà nínú ìwé kan tí wọn yóò fi tọpa rẹ̀ lọ́dọọdún, yálà ara tù ú tàbí kò tù ú.

Ọ̀rọ̀ yìí kò jìnnà sí ọmọ Yorùbá bó ti jọ. Nọ́ọ̀sì tó ti fi ogún ọdún gbé àwọn arúgbó sókè lórí ibùsùn ní Lọ́ńdọ̀nù mọ ẹ̀yìn ríro ju ẹni tó kọ ìwé nípa rẹ̀ lọ, ọjọ́ kan sì lè pé tí dókítà yóò fi ẹ̀rọ náà lọ̀ ọ́. Ní Nàìjíríà, níbi tó jẹ́ pé àpò aláìsàn ni ọ̀pọ̀ jù lọ owó ìtọ́jú ti ń jáde, ọ̀nà tó gbà ń dé yàtọ̀. Àwọn ọmọ tó wà lókè òkun a dá owó jọ fún bàbá, wọn a ní kó lọ sí Íńdíà tàbí ibòmíràn, kó lọ gba ohun tí wọ́n rí lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ìfẹ́ ni. Ṣùgbọ́n ẹ̀rọ yìí kì í ṣe eyín tí wọ́n á yọ, tí ọ̀rọ̀ á parí. Ta ni yóò tún iná rẹ̀ ṣe nígbà tí bàbá bá padà dé Ògbómọ̀ṣọ́? Bí ojú ọgbẹ́ bá di egbò lẹ́yìn oṣù mẹ́rin, ṣé dókítà tó wà nítòsí ti rí irú rẹ̀ rí? Bí bátìrì bá kú, owó ọkọ̀ òfuurufú wo ni yóò gbé e padà? Bí àìsàn mìíràn bá sì béèrè pé kí wọ́n fi ẹ̀rọ MRI yàwòrán inú ara rẹ̀, àwọn ẹ̀rọ apẹ̀tù-ìrora kan wà tí kò gbà á láyè. Ẹni tó bá fẹ́ ta ilẹ̀ nítorí rẹ̀, kó kọ́kọ́ gba ìdáhùn sí ìbéèrè wọ̀nyí ní kíkọ sílẹ̀ lọ́wọ́ àwọn tó fẹ́ gba owó rẹ̀.

A kì í sì í fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ pa lápálápá. Ní orílẹ̀-èdè tí àìmọye ẹni tí jẹjẹrẹ ń pa lọ kò tíì rí ẹ̀kán mọfíìnì kan mu, tí ẹni tí ẹ̀yìn ń ro ń gba tíràmádọ́ọ̀lù lọ́wọ́ oníkẹ́míìsì láìrí dókítà, ìrora kò tíì di ohun tí ìjọba kà sí àìsàn. Ìwádìí tí àjọ ìṣọ̀kan àgbáyé bá Nàìjíríà ṣe lórí ìlò oògùn ní 2018 fi hàn pé ènìyàn bíi mílíọ̀nù 4.6 ló lo irú oògùn ìrora alágbára bẹ́ẹ̀ láàrin ọdún kan ní ọ̀nà tí dókítà kò fọwọ́ sí. Ìgboro ló ń lò ó ní ìlòkulò, èyí kò sì jẹ́ kó rọrùn fún ẹni tó nílò rẹ̀ ní tòótọ́. Níbi tí irú èyí bá ti ń ṣẹlẹ̀, olùtọ́jú tí ará ìlú ń pè ní físíò, tó mọ bí a ṣe ń kọ́ aláìsàn láti rìn, láti gbé ẹrù, láti na ara, wúlò fún ẹ̀yìn tó ń ro ju wáyà àti bátìrì lọ.

Lórí tábìlì ọ̀pọ̀ àwọn físíò náà, títí kan àwọn tó wà ní Nàìjíríà, ẹ̀rọ kékeré kan wà tí wọ́n ń pè ní TENS, tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ awọ ara, tó ń rán iná gba ojú awọ láìsí ọ̀bẹ. Ẹ̀rí tirẹ̀ náà kò lágbára púpọ̀, ṣùgbọ́n bí kò bá ṣiṣẹ́, wọn a ṣí i kúrò, aláìsàn a wọ ẹ̀wù rẹ̀ padà, a sì máa lọ sílé. Ìbátan tímọ́tímọ́ ni òun àti ẹ̀rọ inú ẹ̀yìn. Ní ìbẹ̀rẹ̀, Shealy àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ń lo irú rẹ̀ láti fi mọ ẹni tó yẹ kí wọ́n la ẹ̀yìn fún, ni wọ́n bá rí i pé ti ojú awọ nìkan ti tó fún àwọn kan. Ní 1971, Shealy dá ilé ìtọ́jú ìrora sílẹ̀ ní La Crosse, ní ìpínlẹ̀ Wisconsin, níbi tí ìdárayá àti ìfarabalẹ̀ ọkàn ti di apá ńlá nínú ìtọ́jú. Láàrin ọdún díẹ̀, ó ṣíwọ́ gbígbé ẹ̀rọ náà sí ẹ̀yìn ẹnikẹ́ni.